Ipa Ẹsẹ̀ Harlan Dietz Nílé Ìwẹ̀

Ní ìlú Corley, létí odò Ohio, ní Amẹ́ríkà, nínú eré baseball tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bí ajubọ́ọ̀lù kan bá jù ú títí tí abala márùn-ún nínú mẹ́sàn-án fi kọjá, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn alátakò kò sì tíì fi igi gbá a kó dáa, ẹnu gbogbo ènìyàn á pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà á sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì tó ti ń ju bọ́ọ̀lù, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti sinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn ò ní wò ó lójú. Wọn ò ní bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Wọn ò sì ní sọ fún un pé ó ń ṣe dáadáa, nítorí wọ́n gbà pé ẹnu ló máa ń ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́: kété tí o bá ti dárúkọ rẹ̀, ó ti bọ́ nìyẹn. Àjèjì tó bá rí wọn á rò pé wọ́n ń bá ọkùnrin náà jà ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Harlan Dietz jókòó sínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Bọ́ọ̀lù jíjù niṣẹ́ rẹ̀, òun ló ń jẹ, òun ló fi fẹ́yàwó, kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Abala mẹ́jọ ló ti jù, ẹnìkankan kò rí i gbá. Virgil Stamper, tó ti ń hán bọ́ọ̀lù fún un láti ọdún mẹ́ta, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àyàfi tó bá ń jẹun, lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ń wo èékánná rẹ̀. Amos Teague, kóòṣì wọn, kọjú sí ògiri. Harlan sọ fún Lorene ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun ò tíì rí ìfẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí, kí odindi ọkùnrin mẹ́rìndínlógún máa sé èémí nítorí tòun.

Ní abala kẹsàn-án, ọ̀gbẹ́ni kan tí kò mọ igi mú dáadáa ṣèèṣì fi orí igi kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà ń yí lọ jẹ́jẹ́ nínú koríko, gbogbo wọn sáré sí i, ọwọ́ ò tó o. Ó tán. Virgil rìn wá bá Harlan lórí òkìtì, ó bọ́ irin tó fi ń bojú, ó ní, "O ṣeun, ọ̀lẹ. Ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí láti abala kẹfà, mi ò lè dìde." Láti ìgbà náà títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n fi ń bú u. Wọ́n pè é ní Elétí-Ehoro, nítorí etí rẹ̀ tó yọ síta. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló fẹ́ etí náà tí bọ́ọ̀lù fi ṣìnà. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ń bú.

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kejì wà, kò sì jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Bí ìròyìn bá ti ta sí wọn létí pé wọ́n fẹ́ dá ọkùnrin kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwé ìdádúró tó dé ni wọ́n á ti máa yẹra fún un. Wọ́n á ṣíwọ́ bíbú u. Wọ́n á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, bíi pé ohun tó ń ṣe é lè ràn. Lọ́dún 1940, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Toomey, igun ọ̀tún pápá ló máa ń ṣọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni Harlan fi jókòó nínú bọ́ọ̀sì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ láìkí i, bẹ́ẹ̀ Toomey ló ti ń yá a ní bàtà. Ní ọjọ́ karùn-ún, Toomey kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tó sìn ín dé ojú ọ̀nà.

Ogun dé, Harlan wọ iṣẹ́ sójà. Nígbà tí sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ wọn gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe nílé, inú rẹ̀ dùn, ó kó bọ́ǹbù àfọwọ́jù lé e lọ́wọ́. Harlan jù ú bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, kò sì jìnnà. Sájẹ́ǹtì ní, "Jù ú bí ẹni ju òkò, ọ̀gbẹ́ni. Ẹni tí o fẹ́ jù ú sí níbí kò mú igi dání." Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Harlan rántí ẹ̀rín yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ní Belgium, nígbà tó rí ibi tí bọ́ǹbù rẹ̀ balẹ̀ sí, kò sì rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ mọ́.

Oṣù Kejìlá ọdún 1944 ni wọ́n gbẹ́ ihò sínú igbó kan tí yìnyín bò, wọ́n sì wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bàtà rẹ̀ tutù lọ́jọ́ kìíní, kò sì gbẹ mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣíwọ́ dídùn ún, ó sì rò pé ara rẹ̀ ti ń mókun. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan yẹ ẹsẹ̀ náà wò títí, ó wá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nílé.

Harlan ní, "Mo máa ń ju bọ́ọ̀lù."

Dókítà náà ká bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ yíká bí ìyá ṣe máa ń ṣe fún ọmọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń ti ilẹ̀. Láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni agbára ti ń gòkè, á gba orúnkún, á gba ìbàdí, á dé èjìká. Apá kàn ń jíṣẹ́ ni. Ọkùnrin tí wọ́n gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, orísun agbára rẹ̀ ni wọ́n gé. Harlan mọ èyí dáadáa, ó sì pinnu pé kò sí ẹlòmíràn tó máa mọ̀.

Lorene nìkan ló mọ̀. Ọjọ́ tó délé ló fi ẹsẹ̀ náà hàn án nínú yàrá, ó ní kó búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Lorene búra. Ó fi òwú irun àgùntàn hun nǹkan kékeré kan tó rí bí orí ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta, èyí tí Harlan lè kì bọ iwájú bàtà kí bàtà má bàa rọ̀ sílẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó sì ń sunkún díẹ̀ bó ti ń sá a, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Harlan rí òun.

Òfin ìjọba ni pé sójà tó bá darí dé, kí wọ́n gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Nítorí náà, ní oṣù kẹrin ọdún 1946, Kóòṣì Teague bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún un ní aṣọ rẹ̀ àtijọ́, kò sì bi í ní ìbéèrè kan. Virgil dì mọ́ ọn títí egungun rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ọjọ́ kìíní nìyẹn. Harlan ju bọ́ọ̀lù fún ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà, ó dúró títí gbogbo ènìyàn fi wẹ̀ tán tí wọ́n lọ, kó tó bọ́ bàtà, kó tó wọ ilé ìwẹ̀. Ó ń wẹ̀ kíákíá, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ kejì, wọ́n dákẹ́ fún un.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń bú Virgil nítorí irun orí rẹ̀ tó ti re tán, wọ́n ń bú kóòṣì lẹ́yìn nítorí ikùn rẹ̀, wọ́n ń bú dírẹ́bà, wọ́n ń bú ìyá dírẹ́bà. Bí ó bá kan Harlan, ọ̀rọ̀ á fò ó kọjá. Kò sí ẹni tó pè é ní Elétí-Ehoro mọ́. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àyè á ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè jókòó sí. Virgil á wá bá a lórí òkìtì, á fi bọ́ọ̀lù sí i lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á ní, "Ó dáa," á sì padà. Virgil Stamper, tó máa ń bú rẹfirí nínú oorun.

Harlan rántí Toomey. Ó wá yé e. Òfin ló gbà á padà, kì í ṣe àwọn, wọ́n sì ń dúró kí àsìkò tí òfin dá pé ni.

Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì yá mọ́. Ó ní láti fi ọgbọ́n jù ú: kó fẹ̀ ẹ́ lọ sápá kan, kó jẹ́ kó wọlẹ̀ lójijì, kó fà á lọ́ra kí onígi tó fẹ́ gbá a lè yára ju igi kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ohun kan wà tí kò yé e. Bí wọ́n bá lọ gbá a ní ìlú mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀ lórí òkìtì, wọ́n á lù ú bí ẹni lu aṣọ. Ṣùgbọ́n ní Corley, ẹsẹ̀ náà á dúró, á rí ilẹ̀ dì mú, bọ́ọ̀lù á sì gbọ́ ohun tó wí. Nígbà tó fi di ìparí oṣù kẹfà, ó ti pàdánù eré méje, ó sì jẹ márùn-ún, nílé ni márààrún. Ó gbà pé oríire ni. Oríire kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi bọ́ ìdílé.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù keje, ó jókòó ti ẹyin àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí Lorene dín fún un, kò jẹ ẹ́.

"Lorene, mo fẹ́ lọ rí wọn nílé iṣẹ́ àga lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ń gba ènìyàn."

Lorene gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. "Ta ló ní kóo lọ?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan fún mi."

"Ṣé o bi wọ́n ni?"

"Èèyàn kì í bèèrè irú ẹ̀."

"Èèyàn wo?"

"Àwa. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé kì í bèèrè pé ṣé ẹ fẹ́ lé mi. Ó máa ń dúró títí ìwé á fi dé ni, àbí kó tètè lọ. Èmi máa tètè lọ ní tèmi. Màá lọ dá aṣọ wọn padà láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó dé."

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ni Lorene wí. "Ẹ ń tu itọ́ tábà sílẹ̀ kiri, ẹ ń bú ara yín láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ń bú ìyá ara yín, ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo wá di èèwọ̀ lẹ́nu yín."

"Wọ́n ti ṣíwọ́ bíbú mi, Lorene."

Lorene mú aṣọ náà lórí àga, ó tún un ká dáadáa kí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lè wà lókè, ó sì gbé e fún un.

Aago mẹ́jọ kò tíì lù nígbà tí Harlan dé pápá. Géètì ṣí sílẹ̀. Ó rò pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, àfi bó ṣe rí ènìyàn kan tó kúnlẹ̀ lórí òkìtì. Ephraim Goss ni, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú pápá náà láti ìgbà tí Harlan ti wà nílé ìwé. Agolo omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì mú igi kúkúrú kan lọ́wọ́, ó fi ń lu ilẹ̀.

"Bàbá Goss, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá ta gìrì. Ó fi ara bo ibi tó ń lù. "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe? Ilẹ̀ ni mò ń tún ṣe. Ṣebí iṣẹ́ mi ni."

Harlan gun òkìtì náà lọ. Níwájú pákó tí ajubọ́ọ̀lù máa ń fẹsẹ̀ tì, ihò kan máa ń wà níbẹ̀ tí bàtà wọn gbẹ́. Ní apá òde ihò náà, Bàbá Goss ti fi amọ̀ mọ ògiri kékeré kan, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó dà á gẹ̀rẹ́, ó sì lù ú títí ó fi le bíi bíríkì. Harlan wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sínú ihò náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìka méjì tó kù wà, bọ́ sí ara amọ̀ náà gẹ́lẹ́.

"Ta lẹ ṣe èyí fún?"

"Ẹni tó bá bá mu."

"Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń ṣe é?"

Bàbá Goss nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. Ó rí i pé àṣírí ti tú. "Láti oṣù karùn-ún. Ọjọ́ tó bá kàn ọ́ láti jù nìkan. Bí eré bá tán mo máa ń wó o, kí àwọn tó kù má bàa kọsẹ̀ níbẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù àwọn àlejò máa ń bú mi pé mi ò mọ ilẹ̀ tún ṣe. Mo máa ń ní kí wọ́n má bínú, pé arúgbó ti dé sí mi."

Harlan jókòó sílẹ̀ lórí òkìtì, aṣọ kíká náà lórí itan rẹ̀. Márààrún tó jẹ nílé ń gba ọkàn rẹ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Virgil ló ní kí n ṣe é. Òun ló lọ ru amọ̀ yẹn wá létí odò. Ọkọ̀ ìyá ìyàwó ẹ̀ ló fi gbé e, ọkọ̀ náà ṣì ń rùn di òní, ìyá náà ò sì tíì dá a lóhùn láti ìgbà yẹn."

"Virgil mọ̀?"

"Harlan, gbogbo wọn ló mọ̀. Ọjọ́ tóo kọ́kọ́ wẹ̀ níbí ni wọ́n ti mọ̀. O dúró kí gbogbo èèyàn lọ, o rò pé o gbọ́n. Ṣé símẹ́ńtì mọ̀ pé àṣírí ni? Virgil gbàgbé fìlà, ó padà wá mú un, ipa ẹsẹ̀ ẹ sì wà nílẹ̀ kedere, omi ò tíì gbẹ. Gìgísẹ̀ kan, àmì méjì. Ó pè mí kí n wá wò ó. Kóòṣì náà wá. A dúró yí i ká bí ẹni tó ń wo òkú. Nígbà tó yá Kóòṣì mú aṣọ ìnulẹ̀, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ nù ún kúrò."

"Kí ló wá dé tẹ́nìkankan ò bá mi sọ̀rọ̀? Láti oṣù kẹrin, Bàbá Goss. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀."

Ó ya Bàbá Goss lẹ́nu tòótọ́. "Ṣé èèyàn máa ń bá ajubọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ni, nígbà tí irú ẹ̀ bá ń lọ lọ́wọ́?"

"Irú kí ni? Mo ti pàdánù méje."

"O gorí òkìtì yìí pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ méjì, o sì ń jù ú. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní bí àwọn bá dárúkọ ẹ̀, ó máa bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí a di ẹnu mú kí o lè jù ú parí." Ó gbé igi rẹ̀. "Dìde lórí amọ̀ mi, jàre. Kò tíì gbẹ."

Harlan kò yà sí ọ́fíìsì Teague mọ́. Ó gbé aṣọ náà lọ sínú yàrá ìmúra, ó wọ̀ ọ́. Inú ń bí i. Ó fẹ́ lu Virgil, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, kò mọ èyí tí ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe.

Ẹgbẹ́ Marlow ló wá bá wọn gbá a lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Oòrùn mú, àwọn òǹwòran ń fi fìlà fẹ́ ara wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ògiri amọ̀ Bàbá Goss di ẹsẹ̀ Harlan mú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nídìí bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti gba àmì ayò mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí abala kẹrin parí. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n sún. Àyè ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Kóòṣì Teague kọjú sí ògiri.

Harlan tẹ̀ ba, ó tú okùn bàtà ọ̀tún rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Ó yọ òwú tí Lorene hun, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì níbi tí ènìyàn ì bá jókòó sí. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ náà síwájú gbogbo wọn.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Mẹ́ta ló lọ, méjì ló kù. Wọ́n gé e ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá. Mi ò mọ ibi tí wọ́n jù wọ́n sí."

Àwọn kan ń wo ilẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀," ni Harlan wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Láti oṣù kẹrin ni mo ti rò pé èmi ni Toomey."

Orúkọ yẹn ló gbé Virgil dìde. Ó la àárín bẹ́ǹṣì kọjá, ó gbé òwú náà kúrò, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀, ó sún mọ́ Harlan títí èjìká wọn fi kanra. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Toomey?" ó ní. "Ìwọ? Olúwa mi o. Harlan, o ò tiẹ̀... A rò pé o mọ̀." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó wo ẹsẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí burú o. Kó tó di pé o lọ sógun náà, mi ò sọ pé ó dáa, ṣùgbọ́n èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Oníka-Méjì."

Ọ̀kan láti ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ní, "Ẹ ka etí ẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ka etí yẹn, ẹ̀yà ara ọ̀gbẹ́ni yìí pé."

"Ó lé."

"Ṣé Lorene ti rí i? Ó rí i, ó sì dúró? Ẹ bá mi kí obìnrin yẹn."

Harlan ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún, kò mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni òun ti fi ń dúró de èébú. Kóòṣì Teague kò tíì yíjú kúrò lára ògiri. "Dietz," ó ní, "wọ bàtà ẹ, ẹsẹ̀ yẹn ń rùn. Ìwọ lo tún máa jù ú ní Wẹ́sìdeè."

Ó wù mí kí n sọ pé wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Wọn ò jẹ. Márùn-ún sí mẹ́rin ni Marlow fi na wọ́n. Harlan jù ú títí dé abala kẹjọ, Virgil sì ń bú u láti ibi tó lóṣòó sí lẹ́yìn onígi, gbogbo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú èébú tirẹ̀, títí rẹfirí fi ní kó panu mọ́.

Ó tún ju bọ́ọ̀lù fún ọdún kan lẹ́yìn èyí, ẹsẹ̀ náà sì sọ pé ó tó. Ó lọ sílé iṣẹ́ àga nígbà náà, kì í ṣe pé ó sá lọ. Wọ́n ṣe ìdágbére fún un, wọ́n sì bú u dáadáa níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló lò nídìí iṣẹ́ àga. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wá àdírẹ́sì Toomey rí, ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta sí i láti bẹ̀ ẹ́. Èsì tí Toomey fi ránṣẹ́ kò ju ìlà kan lọ: "Ó pẹ́ kóo tó kọ̀wé." Harlan fi ìwé náà sínú Bíbélì rẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 1983, Lorene bá a níbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Virgil, tó ti di arúgbó tí kò ní irun kan lórí, ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé Sọ́ńdè ọdún 1941 ló máa sọ. Kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tó sọ ni bí Harlan ṣe wẹ̀ lọ́jọ́ tí Marlow na wọ́n.

Ó ní bí wọ́n ti wọ yàrá ìmúra, àwọn tó kù ṣì ń tú bàtà nígbà tí Harlan bọ́ aṣọ, ó gbé táwẹ́ẹ̀lì lé èjìká, ó sì wọ ilé ìwẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Símẹ́ńtì gbẹ nígbà tó ń wọlé. Ó wẹ̀, kò kánjú, ó ń súfèé. Nígbà tó jáde, ó la àárín wọn kọjá lọ sídìí aṣọ rẹ̀, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e nílẹ̀, ti òsì pé, ti ọ̀tún gìgísẹ̀ kan àti àmì kékeré méjì. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tó mú aṣọ ìnulẹ̀. Virgil ló kàn láti wẹ̀. Ó ní òun gbé ẹsẹ̀ kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ò tẹ ìkankan, àwọn tó kù sì ń pariwo mọ́ Harlan pé ó ti lo gbogbo omi gbígbóná tán.